Iná táyà ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ pé: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọkọ̀ eré oníjókòó méjì ni, ọdún 9 ló ti wà lójú títì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn méjèèjì: fífẹ̀ ti ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 285, ti iwájú 245, ríìmù íńṣì 19. Láti ọjọ́ yẹn, tí a bá ti tan ọkọ̀, iná táyà á máa ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á dúró gbọin, kò sì ní kú mọ́. Àkọlé tó wà lára férémù ilẹ̀kùn ní 32 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) níwájú, 35 lẹ́yìn. Ohun tí gèéjì sì sọ gan-an nìyẹn láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹnì kan ní ká fi 3 psi kún gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹnì kejì ní ká ra sẹ́ńsọ̀ tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnì kẹta ní ká yọ gílóòbù iná náà, ká sinmi. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

* * *

ÈSÌ 1

Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iná yẹn máa ń sọ, àwọn ènìyàn sì máa ń pa méjèèjì pọ̀. Tó bá tàn láìṣẹ́jú, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti dín nínú táyà kan, ó kéré tán. Tó bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí 90 kó tó dúró, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ táyà, ìyẹn TPMS, ló ń sọ pé ara òun kò yá. Kò rí ohun tó yẹ kó rí, kò sì lè ṣọ́ táyà fún yín mọ́.

Tiyín ń ṣẹ́jú, gèéjì sì ní afẹ́fẹ́ pé. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi 3 psi kún un ń fi oògùn inú rírun wo orí fífọ́ ni. Ẹ lè fún táyà títí dé 40, iná yẹn ò ní yéé ṣẹ́jú. Ohun tí ẹ máa jèrè níbẹ̀ ni pé àárín táyà yóò wú, ibi tó ń fi kan ilẹ̀ yóò kéré, ìdí ọkọ̀ á sì máa yọ̀ ní kọ̀rọ̀.

* * *

ÈSÌ 2

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Èsì 1, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún apá kan ṣe. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni òfin ti fi TPMS dandan sára gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun. Ní Yúróòpù, ó bẹ̀rẹ̀ lórí irú ọkọ̀ tuntun ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ó sì kan gbogbo ọkọ̀ tuntun ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Ọkọ̀ eré tó ti ní in ṣáájú òfin wà, Porsche 959 ti ní in ní 1986, Corvette náà sì ní in láti 1997, nítorí pé táyà tó lè rìn láìsí afẹ́fẹ́ ló ń lò, kò sì gbé táyà àpasẹ́yìn kankan. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ ọ̀rọ̀ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù dípò kí wọ́n ṣẹ́jú. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó gba òfin ṣíṣẹ́jú yìí gbọ́ tán.

Èkejì ni gèéjì fúnra rẹ̀. Gèéjì olówó pọ́ọ́kú tó rí bí báírò lè fi 2 tàbí 3 psi purọ́ fún yín. Ẹ fi méjì wọn ẹsẹ̀ kan náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n bára mu. “Kí táyà tutù” ní ìtumọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú: kí ọkọ̀ ti dúró fún wákàtí 3, ó kéré tán, kó má sì jẹ́ pé oòrùn ń ta sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Táyà tó wà nínú oòrùn máa ń fi 1 sí 2 psi ju èyí tó wà nínú òjìji lọ, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì máa dín afẹ́fẹ́ kù níbi tí kò sí wàhálà kankan.

* * *

ÈSÌ 3

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi ọlọ́rọ̀: irú TPMS wo ló wà lára ọkọ̀ náà? Oríṣi méjì ló wà.

Oríṣi kan ní sẹ́ńsọ̀ nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó so mọ́ ìdí fáàfù. Ó ń wọn afẹ́fẹ́ àti ooru, ó sì ń fi rédíò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Oríṣi kejì kò ní nǹkan kan nínú táyà. Sẹ́ńsọ̀ ABS, ìyẹn ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ há, ló ń lò láti ka bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín máa ń kúrú díẹ̀, nítorí náà ó máa ń yí ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti máa ń fura.

Tó bá jẹ́ oríṣi kejì ni, kò sí sẹ́ńsọ̀ tí ẹnikẹ́ni máa rà. Táyà ẹ̀yìn tuntun ga ju èyí tó ti jẹ́ lọ, ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà há sórí kò bá ti ìsinsìnyí mu mọ́. Ẹ ṣe afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ nígbà tí táyà tutù, ẹ tẹ bọ́tìnnì tàbí ẹ wọ inú mẹ́nù ọkọ̀ láti ní kó kọ́ ìwọ̀n tuntun, kẹ́ ẹ wá wà á fún bí ìṣẹ́jú 20 láìfi agbára fa ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ̀ lásìkò tó ń kọ́ ìwọ̀n, òǹkà tí kò péye ló máa kọ́ sórí.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa fi dá wọn mọ̀: tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń fi òǹkà psi tàbí bar ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, sẹ́ńsọ̀ wà nínú táyà. Tí fáàfù bá jẹ́ irin, tí nọ́ọ̀tì sì wà ní ìdí rẹ̀ níta ríìmù, ó ṣeé ṣe gan-an kí sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fáàfù onírọ́bà kò fi hàn pé kò sí, nítorí sẹ́ńsọ̀ onírọ́bà náà wà.

* * *

OLÙBÉÈRÈ

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Fáàfù irin ni, nọ́ọ̀tì wà nídìí rẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń fi òǹkà mẹ́rin hàn tẹ́lẹ̀, ní báyìí ìlà kékeré méjì ló wà ní ipò ọ̀tún ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù ní òǹkà.

* * *

ÈSÌ 4

Ẹ̀rí gidi nìyẹn, ó sì yẹ kó ti wà nínú ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa wo ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò: fíùsì, èríàlì, ẹ̀rọ tó ń gba ìròyìn, tàbí wáyà tó so wọ́n pọ̀. Bí ẹyọ kan bá pa rẹ́, ẹsẹ̀ yẹn ni ẹ máa tọ̀ lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kí owó kankan tó jáde: ẹ wá irinṣẹ́ tó ń jí sẹ́ńsọ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe táyà ló ní in. Ìgbì 125 kHz ló ń fi pe sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ á sì dáhùn lórí 315 tàbí 433 MHz. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí fáàfù wà, ẹ má gbé e lé irin ríìmù, irin á dí ìgbì náà lọ́wọ́. Ẹ ka ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ID (èyí tí ọkọ̀ fi ń dá sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀), psi, ooru àti ipò bátìrì. Ẹ fi psi rẹ̀ wé ti gèéjì. Sẹ́ńsọ̀ tó ń dáhùn àmọ́ tó fi 4 psi yàtọ̀ sí gèéjì tó péye ti bàjẹ́ bó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀tún ẹ̀yìn bá dákẹ́, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹsẹ̀ yí ìdámẹ́rin ìyípo, kẹ́ ẹ tún pè é. Tó bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kú.

Kí ẹ tó ṣe èyí pàápàá, ẹ yọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kì bọ ihò sìgá: ṣájà fóònù, kámẹ́rà ojú gíláàsì, gbogbo wọn. Ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 20. Ṣájà tí wọn kò ṣe dáadáa máa ń pariwo lórí ìgbì rédíò débi pé kọ̀ǹpútà kò ní gbọ́ sẹ́ńsọ̀ kan tó jìnnà sí èríàlì. Ìdánwò ọ̀fẹ́ ni.

* * *

ÈSÌ 5

Kí ni gbogbo àyíká yìí fún? Ọkọ̀ ọdún 9. Bátìrì inú sẹ́ńsọ̀ máa ń pẹ́ tó ọdún 5 sí 10, wọ́n sì ti fi ọ̀dà sé e pa, kò ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹyọ kan bá ti kú, àwọn mẹ́ta tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán.

* * *

ÈSÌ 6

Mi ò gbà. Ìgbà tí iná bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ táyà gan-an. Bátìrì kì í bá ẹni tó ń ṣe táyà ṣe àdéhùn ọjọ́. Ẹ̀gbẹ́ táyà eré kúrú, ó sì le bí pátákó. Tí wọ́n bá fẹ́ tú ètè rẹ̀ kúrò lára ríìmù, abẹ ẹ̀rọ á fi agbára tì í wọlé. Bí abẹ yẹn bá bọ́ sí ibi tí fáàfù wà, àpótí sẹ́ńsọ̀ ló máa gba ìkúùkù náà. Ike ni. Á ya, tàbí kó já kúrò lára fáàfù, kó máa fò káàkiri nínú táyà bí òkúta inú agolo.

Kí wọ́n yọ táyà ọ̀tún ẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi ojú rí i. Tó bá ya, ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ló ti bàjẹ́, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a sọ̀rọ̀. Tí kò bá ya, bátìrì ni, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Èsì 5 tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

* * *

ÈSÌ 7

Ẹ forí jì mí pé mo yà bàrá. Tèmi kì í ṣẹ́jú, ṣe ló máa ń tàn gbọin láàárọ̀ tí ilẹ̀ bá tutù, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 lójú ọ̀nà á kú. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ sí pápá tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré. Ìwọ̀n tiyín náà ló ń lò níwájú, 32. Ṣé sẹ́ńsọ̀ ni?

* * *

ÈSÌ 8

Rárá o. Sẹ́ńsọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ẹ ò tíì dá afẹ́fẹ́ padà lẹ́yìn pápá ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà bẹ̀rẹ̀ ní 32 psi nígbà tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20°C. Lẹ́yìn ìyípo mélòó kan, ooru afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún mọ́ 70°C, gèéjì á sì sọ 40. Gbogbo ẹni tó ń sáré ló mọ̀ pé 40 pọ̀ jù, táyà á máa yọ̀, nítorí náà ẹ dín in kù sí 34 níbi tó ti gbóná. Ó dára fún pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí táyà yẹn bá padà tutù dé 20°C, 34 yẹn á di nǹkan bí 27. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́ pẹ̀lú 5°C, á sún mọ́ 25. Ibi tí iná ti máa ń tàn kò jìnnà mọ́ nìyẹn: ìlànà Yúróòpù ní kí iná tàn tí afẹ́fẹ́ bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ti Amẹ́ríkà ní ìdá 25. Fún 32 psi, ìyẹn jẹ́ 25.6 tàbí 24. Bí ẹ bá rìn díẹ̀, táyà á gbóná, á gòkè kọjá ààlà, iná á kú. Ìdí tó fi ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 nìyẹn, kì í ṣe pé ó ti wo ara rẹ̀ sàn.

Ẹ fún un padà sí 32 nígbà tó tutù. Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: gbogbo 6°C tí ojú ọjọ́ bá fi lọ sílẹ̀, nǹkan bí 1 psi ló ń bá a lọ. Táyà tí ẹ ṣe ní 32 lọ́sàn-án 25°C yóò jẹ́ 29 láàárọ̀ 5°C láìsí ihò kankan.

* * *

ÈSÌ 9

Ohun tó mú kí n máa lo náítírójìn nìyẹn, kì í yí padà.

* * *

ÈSÌ 10

Ó ń yí padà. Ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni náítírójìn tẹ́lẹ̀. Ooru kan náà ló ń tì í, òtútù kan náà ló ń fà á wálẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ gidi ni pé ó gbẹ. Omi tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ bọ́ńbà lè di ooru omi nínú táyà tó gbóná gan-an, psi á sì gòkè ju bí ẹ ṣe ṣírò lọ. Nissan GT-R ń fi náítírójìn jáde láti ilé iṣẹ́, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bọ́ńbà tí wọ́n ń dà omi inú rẹ̀ nù déédéé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì sí èyí tó máa pa iná tó ń ṣẹ́jú nínú méjèèjì.

* * *

ÈSÌ 11

Kí n sọ ti ẹni tó ní kẹ́ ẹ yọ iná, torí kò sí ẹni tó tíì dá a lóhùn. Ẹ wo táyà ẹ̀yìn yín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú débi pé tó bá wà ní 20 psi, ojú lásán kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí 35. Táyà gíga á tẹ̀ ba, ẹ máa rí i. Eléyìí á dúró ṣinṣin, inú rẹ̀ á sì máa jó. Bí ẹ bá wá gbé e sáré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa gbóná, okùn inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Láti ìta, ẹ ò ní rí nǹkan kan títí tó fi máa bẹ́.

Àwọn kan tún ń kó sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú páìpù kan, wọ́n á fún un ní 35 psi, wọ́n á dé e pa, wọ́n á gbé e sínú búùtù. Iná kú, inú wọn dùn. Ohun tí wọ́n ṣe burú ju yíyọ iná lọ, nítorí dáṣíbọ́ọ̀dù á máa sọ pé “35, 35, 35, 35” lójú ẹsẹ̀ tí ìṣó ti wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ má sì ta ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì.

* * *

OLÙBÉÈRÈ

Mo ti padà dé. Ṣájà àti kámẹ́rà kò kan án, a yọ wọ́n, iná ṣì ń ṣẹ́jú. Irinṣẹ́ rí mẹ́ta: iwájú méjèèjì dáhùn, bátìrì wọn “OK”. Òsì ẹ̀yìn dáhùn, psi rẹ̀ bá gèéjì mu, àmọ́ ó ní bátìrì “LOW”. Ọ̀tún ẹ̀yìn dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n yọ táyà. Àpótí sẹ́ńsọ̀ ya láti ìdí fáàfù dé àárín, èèpo kékeré kan tí abẹ ha sì wà lára ríìmù ní ibi kan náà. Ẹni tó ṣe táyà ti gbà pé òun ló ṣe é, ó sì fẹ́ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun ní èyí tó bá gbogbo ọkọ̀ mu. Ṣé kí n gbà á? Kí ni ká ṣe sí òsì ẹ̀yìn?

* * *

ÈSÌ 6

Ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ ọ̀tún, ẹ sì fi owó yín pààrọ̀ òsì ní ìjókòó kan náà, nítorí “LOW” kò ní pẹ́ di òkú. Ẹ fi iwájú sílẹ̀. Ìgbà tí táyà iwájú bá jẹ tán ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ tiwọn, iṣẹ́ yíyọ táyà á jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ibi tí èmi àti Èsì 5 ti pàdé nìyẹn: òun sọ mẹ́rin, mo ní méjì nísinsìnyí, méjì lẹ́yìn.

* * *

ÈSÌ 5

Mo fara mọ́ ọn. Mo kàn fẹ́ kí ọlọ́rọ̀ mọ̀ pé ti iwájú náà ti pé ọdún 9.

* * *

ÈSÌ 12

Ọ̀rọ̀ “ó bá gbogbo ọkọ̀ mu” gba kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ yín mu.

Àkọ́kọ́ ni ìgbì. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń lo 315 MHz, tí Yúróòpù 433 MHz, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ Jámánì kan tó wà ní Amẹ́ríkà náà ń lo 433. Ẹ má fi ibi tí ọkọ̀ ti wá mọ̀ ọ́n. Sẹ́ńsọ̀ iwájú yín ṣì ń sọ̀rọ̀: irinṣẹ́ á fi ìgbì tó ń lò hàn. Ohun tó bá sọ ni kẹ́ ẹ rà. Sẹ́ńsọ̀ 433 nínú ọkọ̀ 315 á máa dá irinṣẹ́ lóhùn dáadáa, ọkọ̀ ò sì ní gbọ́ ọ láéláé. Àṣìṣe yìí ń jẹ owó àwọn ènìyàn gan-an.

Èkejì ni èdè rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n lè kọ ètò sí máa ń wá lófìfo. Wọ́n gbọ́dọ̀ yan irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ lórí irinṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ kó tó wọ táyà.

Ẹ̀kẹta ni fáàfù. Ẹ má gba onírọ́bà. Ọkọ̀ tó ń sáré kọjá 200 km ní wákàtí kan nílò fáàfù irin onínọ́ọ̀tì, nítorí agbára yíyí á máa fa sẹ́ńsọ̀ síta, rọ́bà á tẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jò lórí eré nìkan, táyà tó dúró kò sì ní fi hàn.

* * *

ÈSÌ 4

Kí n fi ti ID kún un. Ọ̀nà méjì ló wà. Tí ẹ bá ní ID àtijọ́, ẹ lè da á kọ sínú tuntun, ọkọ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkan yí padà. Òsì ẹ̀yìn yín ṣì wà láàyè, irinṣẹ́ á kà á. Ọ̀tún ti kú, ṣùgbọ́n ID sábà máa ń wà lára àpótí rẹ̀, àmì mẹ́jọ tó pa lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà. Àwọn kan tẹ nọ́ńbà lásán sí i, tí irinṣẹ́ sì fẹ́ èyí tó ní lẹ́tà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìyí i padà, ID tí kò sí láyé lẹ máa kọ.

Ọ̀nà kejì ni kí ọkọ̀ kọ́ ID tuntun, ó sì yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́. Nínú Porsche, ẹ máa wọ mẹ́nù, ẹ yan irú táyà àti ìwọ̀n rẹ̀, kódà bí táyà kò bá yí padà, kẹ́ ẹ wá wà á títí tí òǹkà fi máa hàn. Corvette fẹ́ irinṣẹ́ lójú ìdúró: ẹ fi ọkọ̀ sí ipò ìkẹ́kọ̀ọ́, fèrè á dún, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òsì iwájú, ọ̀tún iwájú, ọ̀tún ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ parí ní òsì ẹ̀yìn, fèrè á máa dún bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé. Toyota 86 àti Subaru BRZ fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ID wọlé láti ihò OBD, tí wọ́n fi ń so irinṣẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá lo ọ̀nà ọkọ̀ kan fún òmíràn, ẹ kàn máa fi ọ̀sán ṣòfò.

* * *

ÈSÌ 13

Mo fẹ́ kí ẹni tó máa fi wọ́n sí i ka èyí, torí níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti máa ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Nọ́ọ̀tì fáàfù kò fẹ́ agbára. Alumíníọ̀mù ni, ìdì rẹ̀ sábà wà láàárín 4 sí 8 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń dì í), ìwé sẹ́ńsọ̀ á sọ ọ́ gan-an. Kí wọ́n fi sípánà tó ń ka Nm dì í, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ dì í. Bí wọ́n bá dì í jù, kò ní kán lọ́jọ́ náà. Á fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ojú ìyapa tó tín-ín-rín bí irun, lẹ́yìn náà á já lójú ọ̀nà.

Rọ́bà ìdí rẹ̀, wọ́ṣà, nọ́ọ̀tì, ọkàn fáàfù àti ìdérí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun ní gbogbo ìgbà tí táyà bá jáde. Ọkàn fáàfù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun, èyí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò, kì í ṣe pupa bí idẹ. Idẹ àti alumíníọ̀mù kì í gbé inú omi iyọ̀ pọ̀ láìjẹ ara wọn. Nígbà tó bá yá, ẹ ò ní lè tú u, bí ẹ bá fi agbára yí i, gbogbo ọrùn fáàfù á tẹ̀ lé e. Ìdérí ike ni kẹ́ ẹ lò, nítorí ìdí kan náà. Àwọn ìdérí irin oníṣe ọ̀ṣọ́ yẹn, ẹ bá mi yọ wọ́n dànù.

Lórí ẹ̀rọ: abẹ tó ń tú ètè táyà gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì fáàfù. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ táyà, kí fáàfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ, kí ètè tó ń bọ̀ má wó lé sẹ́ńsọ̀. Lẹ́yìn náà, báláǹsì tuntun fún ẹsẹ̀ méjèèjì, torí sẹ́ńsọ̀ tuntun kì í wúwo gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́, sítíárìn á sì gbọ̀n lórí eré bí ẹ bá fi sílẹ̀.

Ẹ tún bi í bóyá ó bá oje ìdíhò nínú táyà àtijọ́. Ọkọ̀ eré tí kò ní táyà àpasẹ́yìn máa ń gbé agolo oje bẹ́ẹ̀, tí oje náà bá sì gbẹ sójú ihò bíńtín tí sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ afẹ́fẹ́, á máa ka òǹkà àná títí láé.

* * *

OLÙBÉÈRÈ

A ti ṣe é. 433 MHz ni ti iwájú ń lò, ìyẹn náà la rà. ID òsì la fi irinṣẹ́ kọ, ti ọ̀tún la kà lára àpótí tó ya. Ó bá wọn mu nígbà kìíní. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10 lójú ọ̀nà, òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde: 34, 34, 37, 37, táyà ti gbóná díẹ̀. Iná kò ṣẹ́jú mọ́.

Ìbéèrè kan ló kù: dáṣíbọ́ọ̀dù ní òsì ẹ̀yìn ti di 36 lónìí, ọ̀tún ṣì wà ní 37. Gèéjì ní ọ̀tún ló jẹ́ 36.

* * *

ÈSÌ 4

Ẹ ti fi ID òsì sí ọ̀tún. Kò léwu lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìṣó bá wọ ọ̀tún, òsì lẹ máa lọ yẹ̀ wò. Tí ọkọ̀ yín bá ń mọ ipò ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, á tún un ṣe lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lo ihò OBD láti fi ID méjèèjì pààrọ̀ ipò, ẹ má tú táyà.

Psi kan yẹn náà, ẹ má fojú fò ó. Ẹ da omi ọṣẹ sí ìdí nọ́ọ̀tì fáàfù ọ̀tún, sí ẹnu rẹ̀, àti yípo ètè táyà, pàápàá níbi tí abẹ ti ha ríìmù. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2, nítorí jíjò kékeré kì í hó lójú ẹsẹ̀. Tó bá hó ní ìdí nọ́ọ̀tì, ẹ wo Nm tí wọ́n fi dì í kẹ́ ẹ tó fi kún un. Tó bá hó ní ibi tí abẹ ha, kí wọ́n fi bébà ìdán fífẹ́lẹ́ dán ojú rẹ̀, kí táyà tó padà wọlé.